Ìṣó Ara Ògiri

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ní ètò náà yóò gbà.
Èmi ni mo gbé ọ̀pá ìwọ̀n tẹ̀lé wọn
láti abẹ́ afárá Ògùnpa dé ẹ̀yìn Dùgbẹ̀,
níbi tí odò ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè,
tí ẹyọ bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì,
dúró sẹ́nu páìpù bí ẹni ń retí èkejì rẹ̀.

Lórí máàpù, búlúù ni odò.
Ìyáàfin Ìbídàpọ̀ tẹ́ ẹ sórí tábìlì,
ó fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́.
"Ọjà alájà méjì nìyí, ibi ìjókòó nìyí, iná nìyí,
kí ọmọ yín ó lè wo omi láìfọwọ́ bo imú."
Àwọn oníbàtà àlòkù wo máàpù, wọ́n wo odò,
ẹnì kan ní, "Odò wo lẹ̀ ń wí, Màmá?"
Ẹ̀rín sọ. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ó tún òkúta kan gbé, èyí tí kò kúrò láyè.

Bàbá Bùsàrí aláago kò rẹ́rìn-ín.
Ó yọ awò kúrò lójú kan,
ojú tó ti fi ń wo inú aago láti ogójì ọdún,
eyín wínníwínní, ohun tí èémí lè gbé lọ.
Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún kò jìnnà.
Ibo lẹ fa ilà omi sí?"

Ó mú wa dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Ìṣó kan wà lára ògiri, ó ti dípẹtà.
"Ibi tó dé nìyí, lóru omíyalé ńlá.
Orí àjà ni mo wà, mo na apá sísàlẹ̀, mo kan omi.
Nígbà tó fà, mo kan ìṣó síbẹ̀,
kí n má baà bù mọ́ ọn tí mo bá dàgbà."

Mo gbé ọ̀pá tì í. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo tún kà á.
Ìṣó fi ìgbọ̀nwọ́ méjì ga ju ilà wa lọ.
Kọ̀ǹpútà kò sùn ní Dùgbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Obìnrin náà dákẹ́. Ó mú írésà.
Ọjà alájà méjì lọ. Ibi ìjókòó lọ.
Ó fa ilà mìíràn, ó sún un sókè, ó tún sún un.
"Kí omi ó ní yàrá tirẹ̀," ó ní,
"àlejò tí a ò tẹ́ ẹní fún, orí ẹní onílé ni yóò sùn."
Ilà tuntun la ṣọ́ọ̀bù aláago já
bí ọ̀bẹ ṣe ń la iṣu.

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.
"Bàbá, ìṣó yín ti lé yín."
Ó fi awò padà sójú,
ó wo máàpù bí ẹni ń wá ibi tí aago ti dá.
Ẹ̀rín wá pa á: "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án!"
Ẹ̀rín náà kò pẹ́.
Ó béèrè ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ẹ̀bá títì, kì í ṣe ìlérí ẹnu;
ó ní kí n kọ ọ́, kí n kà á sókè, kí obìnrin náà fọwọ́ sí i.
Mo kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.
N ò mọ̀ bóyá ìjọba tó ń bọ̀ máa ń kàwé.

"Kí ni yóò wà níbí?"
"Igi, Bàbá."
"Igi wo?"
Kò sẹ́ni tó ti rò ó débẹ̀.
Lórí máàpù, òbìrìkìtì wẹ́wẹ́ ni igi, gbogbo wọn dọ́gba.
"Ẹ gbin àgbálùmọ̀. Èmi kọ́ ni n ó jẹ ẹ́.
Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fi eyín kan kíkan rẹ̀
ó di ojú kan,
bí mo ṣe ń di ojú kan níbí."

Wọ́n ká máàpù. Mo da òkúta mẹ́rin padà sétí odò.
Nínú ìwé mi, lábẹ́ gbogbo nọ́ńbà, mo kọ ọ́:
àgbálùmọ̀, ẹyọ kan, níwájú ìṣó.